Ọ̀pá Snúkà: Awọ Ni, Kì í Ṣe Awo

Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀pá àṣẹ, kì í sì í ṣe ọ̀pá tí arúgbó fi ń tilẹ̀. Ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù snúkà ni.

Bí ẹ bá gba àdúgbò Mushin kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ẹ rìn ní Yábàá, tàbí ẹ yà sí Sùúrùlérè, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí tábìlì tí a fi aṣọ bò, lábẹ́ páànù tàbí lábẹ́ agboòrùn. Àwọn ọ̀dọ́ á yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ojú wọn bọ́ọ̀lù funfun, á sì gbá a. Bọ́ọ̀lù funfun á sáré lọ kan òmíràn, òmíràn náà á kó sínú ihò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù funfun kò ní dúró, kò sì ní tẹ̀ síwájú. Ńṣe ni yóò padà sẹ́yìn wá bá ẹni tó gbá a, bí ajá tí ẹni tó ni ín súfèé pè. Àwọn èrò á hó yèè. Ẹni tí owó rẹ̀ fẹ́ bọ́ á sì sọ lábẹ́lẹ̀ pé: “Eléyìí kì í ṣe ojú lásán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí a bá ti pè ní olóògùn nídìí eré, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ìjà sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé oògùn ló ń pa bọ́ọ̀lù lára dà ni, àbí ohun mìíràn? Ìtàn ọ̀pá náà ni yóò dá wa lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe. Púpọ̀ nínú eré tí a ń pè ní snúkà ní ojú pópó Èkó, púùlù ni. Tábìlì rẹ̀ kéré, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì kéré níye. Tábìlì snúkà gan-an gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Bọ́ọ̀lù 22 ni a fi ń ta á: pupa 15, aláwọ̀ mìíràn 6, àti funfun kan ṣoṣo tí ọ̀pá ń gbá. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ìlú Jubbulpore ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1875. Ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Neville Chamberlain ni a gbà pé ó sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe ẹni tó wá di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì o. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ogun tí kò tíì mọ nǹkan kan ló fi pe eré náà.

Ibi tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gúnlẹ̀ sí ni eré wọn ń bá wọn lọ. Ní Èkó, ilé ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ni irú tábìlì ńlá bẹ́ẹ̀ ń gbé. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ikoyi Club sílẹ̀ ní ọdún 1938, ti àwọn òyìnbó ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni dúdú tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló bá wọlé, kì í ṣe eré. Ní ọdún 1943 ni wọ́n dá Island Club sílẹ̀, níbi tí dúdú àti funfun ti lè jókòó pọ̀. Lónìí, ọmọ káfíńtà ní Mushin lè di ọ̀pá mú láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Eré ti jáde sí gbangba, ṣùgbọ́n ìmọ̀ inú rẹ̀ kò tíì bá a jáde tán. Òun ni mo fi mú ìtàn yìí wá.

Ọ̀pá yìí dàgbà ju snúkà lọ. Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, eré bílíádì ni àwọn ènìyàn ń ta ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pá tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó sì tẹ́ ni wọ́n sì ń lò. Wọn kì í fi gbá bọ́ọ̀lù bí a ti ń gbá a lónìí. Ńṣe ni wọ́n ń fi tì í. Bí bọ́ọ̀lù bá wá sún mọ́ etí tábìlì jù, orí ọ̀pá kò ní ráyè. Ẹni tó ń ta á á wá yí ọ̀pá padà, á sì fi ìrù rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Faransé ń pe ìrù ní “queue”, láti ibẹ̀ sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀pá náà títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ìrù ṣe di orí.

Ṣùgbọ́n igi lásán ni ìrù náà. Igi le, ó sì ń dán. Bí ó bá kan bọ́ọ̀lù ní àárín gbùngbùn, ó dára. Bí ó bá yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yíyọ̀ ni yóò yọ̀, bí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù.

Ẹni tó tún un ṣe ni François Mingaud, ọ̀gá ológun ará Faransé kan tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n ní Paris nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Tábìlì bílíádì wà nínú ẹ̀wọ̀n náà. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni ó ti lẹ awọ kékeré mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀, tó sì gbé ọwọ́ lé e lójoojúmọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní ọdún 1807, ó fi ohun tó rí han gbogbo ènìyàn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ, ó ń padà, ó ń yà, ẹnu sì ya àwọn tó ń wò ó. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Awọ tí kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò ló yí eré náà padà.

Ẹnì kejì nínú ìtàn wa ni Jack Carr, ẹni tó ń ka ojú ayò fún àwọn tó ń ta bílíádì ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ọdún 1820. Ó ti mọ̀ pé bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì pa awọ náà, kò ní yọ̀ lára bọ́ọ̀lù. Kí wá ni Carr ṣe? Wọ́n ní ó dì í sínú àpótí kékeré, ó pè é ní ohun tí ń mú bọ́ọ̀lù yí, ó sì ń tà á ní sílè méjì ààbọ̀, owó tí kì í ṣe kékeré nígbà náà. Àwọn ọlọ́lá ń rà á. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń rí ìmọ̀ tí a ń pè é ní oògùn! Ẹfun lásán ni wọ́n ń rà.

Wàyí o, báwo ni awọ àti ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe é? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi èyí sọ́kàn: sísáré àti yíyí, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ti rí ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ rí. Táyà rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Ìgbà tí táyà bá rí ilẹ̀ dì mú ni ọkọ̀ á tó fò jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù funfun.

Bí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ àárín, bọ́ọ̀lù á máa sáré síwájú, ṣùgbọ́n á máa yí sẹ́yìn. Nígbà tó bá kan òmíràn ní ojú gan-an, eré sísá rẹ̀ ni yóò kó fún ìyẹn; yíyí rẹ̀ á ṣẹ́kù sí i lára. Yíyí yìí á wá di aṣọ tábìlì mú, bọ́ọ̀lù á sì padà wá. Bí ọ̀pá bá kàn án lókè àárín, síwájú ni yóò máa yí, yóò sì tẹ̀lé èyí tó gbá. Bí kò bá sì yí rárá nígbà tó kàn án, á dúró sójú kan. Bí ọ̀nà bá jìn, aṣọ tábìlì lè jẹ yíyí ẹ̀yìn náà tán kí ó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro láti mú bọ́ọ̀lù padà bí ó bá rìn jìnnà.

Bí ọ̀pá bá kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ẹ rántí òkòtó tí ẹ ń ta nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù á máa pòòyì bí òkòtó, ìgbà tó bá sì kan etí tábìlì ni ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí yóò gba ọ̀nà tí ẹ kò retí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe irú yíyí yìí títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jìnnà jù sí àárín. Bí ẹ bá ti kọjá ìdajì ọ̀nà láti àárín dé etí bọ́ọ̀lù, awọ àti ṣọ́ọ̀kì kò ní lè dì í mú mọ́. Ní ọdún 1835, Gaspard Coriolis, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, kọ odindi ìwé kan lórí bí bọ́ọ̀lù bílíádì ṣe ń rìn. Ìṣirò ló kọ síbẹ̀, kò kọ ọfọ̀.

Yíyí ẹ̀gbẹ́ ní owó tirẹ̀ tí à ń san. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù ní apá ọ̀tún, yóò sún díẹ̀ sí òsì kúrò lójú ibi tí ẹ wọ̀n. Orí ọ̀pá tó tóbi tó sì wúwo ń sún un ju èyí tó tín-ín-rín lọ. Orí ọ̀pá snúkà sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 9 tàbí 10. Ti púùlù àwọn ará Amẹ́ríkà ń tó 13. Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀pá gbọ́dọ̀ tún ojú rẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń gbé ọ̀pá tirẹ̀ nínú àpò káàkiri kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọ̀pá tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìwà rẹ̀ ló gbé dání.

Ẹ wá wo ọ̀pá tó wà nídìí tábìlì àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti lò. Ẹ yí i lórí tábìlì: bí ó bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó ti wọ́. Ẹ wo orí rẹ̀: ó yẹ kí awọ rẹ̀ rí roboto díẹ̀, kí ó má ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má sì dán bíi dígí. Bí awọ bá ti jẹ tán, ẹ ti padà sí ayé tó wà ṣáájú Mingaud nìyẹn, níbi tí igi ti ń yọ̀. Yíyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Lẹ́yìn èyí, ó ku ara ẹni: ẹsẹ̀ tó dúró gírí, àgbọ̀n tó sún mọ́ ọ̀pá, ọwọ́ iwájú tí kò mì, ìgúnpá tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ilẹ̀kùn lórí àgánrándì, àti orí tí kò gbé sókè títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò.

Èmi kò sọ pé kí ọmọ ilé-ìwé fi ìwé sílẹ̀ lọ sídìí tábìlì, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni a máa ń pè ní awo. Ẹlẹ́wọ̀n kan jókòó ti ìdí yìí títí ó fi rí i, awọ ni ó rí. Bí ẹ bá tún gbọ́ pé ọmọ kan ń lo oògùn nídìí snúkà, kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ ní kí wọ́n fi orí ọ̀pá rẹ̀ hàn yín.