Àwòrán tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Là Kọjá: Bí Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ṣe Dé Orí Gíláàsì

Bébà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ onítẹ̀wé lẹ́nu, nítorí pé fọ́nrán inú rẹ̀ a máa fa yíǹkì mu, ohun tí a bá tẹ̀ sí i a sì gbẹ síbẹ̀. Gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ihò tí ọ̀dà lè wọ̀, bí a bá sì wá ohun tí ó ki láti fi lẹ àwòrán mọ́ ọn, ohun náà lè dí ìmọ́lẹ̀ tí a torí rẹ̀ yan gíláàsì. Ìṣòro méjì yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bá jìjàkadì fún ìgbà pípẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń wá ojútùú rẹ̀ ni fọ́tò àti sinimá ti jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kọ ìtàn fọ́tò kì í sábà rántí àwọn onítẹ̀wé.

Ní ọdún 1659 ni Christiaan Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ya àwòrán eegun òkú tí ó ń ṣí orí ara rẹ̀ kúrò lọ́rùn, èyí tí ó fẹ́ fi hàn nínú àtùpà alàwòrán. Àtùpà yìí jẹ́ àpótí tí iná wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ iná náà a gba inú gíláàsì tí a ya àwòrán sí kọjá, a tún gba inú lẹ́ǹsì, ìyẹn dígí tí a gbẹ́ kí ó lè sọ ohun kékeré di ńlá, kí ó tó tàn sára ògiri tàbí aṣọ funfun. Fún ọdún tí ó lé ní 150, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó wọn wọ́n, kò sì sí méjì tí ó bára mu délẹ̀.

Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ rọrùn kò kan gíláàsì rárá. Edward Orme, tí ń fín àwòrán, tí ó sì ń tà wọ́n ní Bond Street ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde ní 1807, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, lórí bí a ṣe lè sọ àwòrán orí bébà di èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé èèṣì ni òun fi mọ̀ ọ́n: fánííṣì, ìyẹn oje igi tí a fi ń mú ojú pákó dán, ta sí ibi dúdú lára àwòrán kan, nígbà tí àwòrán náà sì bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, ibi tí fánííṣì ta sí ń tàn láàárín òkùnkùn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín fọ́nrán bébà ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí bébà fi ń funfun. Bí òróró tàbí fánííṣì bá gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ á rí ọ̀nà kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà gbígbóná. Orme a tẹ àwòrán rẹ̀, a fi ọ̀dà kùn ún níwájú àti lẹ́yìn, a wá fi fánííṣì sí kìkì ibi tí òṣùpá, iná tàbí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì bá wà, kí ẹni tí ó rà á lè gbé e kọ́ sójú fèrèsé tàbí síwájú àtùpà lálẹ́.

Ohun ìṣeré inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí, ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n kan náà ni Nicéphore Niépce, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lò nígbà tí ó ń wá bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe máa ṣe àdàkọ àwòrán títẹ̀. Ó fi òróró pa àwòrán orí bébà kí ó lè mọ́ gaara, ó gbé e lé ohun tí ó ti fi ọ̀dà dúdú tí ń ti inú ilẹ̀ jáde pa, ó sì gbé méjèèjì sí oòrùn. Ibi tí oòrùn bá dé lára ọ̀dà náà a le, ibi tí ìlà dúdú àwòrán bá bò a sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òróró láfẹ́ńdà lè fọ̀ ọ́ kúrò. Lórí gíláàsì ni ó ti ṣe àdàkọ àwòrán Póòpù Pius Keje ní 1822. Gíláàsì yẹn fọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ tó láti fi hàn pé inú iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni fọ́tò ti hù, àti pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti 1839, ọdún tí Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, gbé ọ̀nà fọ́tò tirẹ̀ jáde fún ayé, ti gé gbòǹgbò rẹ̀ sọnù.

Ní àkókò yẹn kan náà ni Philip Carpenter, tí ń ṣe lẹ́ǹsì ní Birmingham, mú ìtẹ̀wé dé inú àtùpà alàwòrán. Àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ àwòrán sára ohun amọ̀, nítorí pé John Sadler àti Guy Green ti búra ní Liverpool ní 1756 pé àwọn tẹ àwòrán sára táìsì tí ó lé ní 1,200 láàárín wákàtí 6. Nínú irú iṣẹ́ yìí, a ó fín ìlà sára bàbà pẹlẹbẹ, a ó fi yíǹkì kún inú ìlà, a ó sì nu ojú bàbà mọ́, kí ó lè jẹ́ yíǹkì inú ìlà nìkan ni yóò jáde. Bàbà le, gíláàsì náà le, bí a bá sì tẹ ọ̀kan mọ́ èkejì tààrà, gíláàsì ni yóò fọ́; ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ gba àwòrán sórí ohun rírọ̀ kí a tó ti ibẹ̀ gbé e lé ojú líle, kí iná sì tó mú un dì. Láti nǹkan bí 1821 ni Carpenter ti ń ta irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, tí ìlà wọn jẹ́ títẹ̀, tí àwọ̀ wọn sì jẹ́ ti ọwọ́, pàápàá àwòrán ẹranko fún ẹ̀kọ́. Nígbà náà ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé-ìwé méjì ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wo kìnnìún kan náà. Iyì tí ìtàn fún ọkùnrin yìí kéré sí iṣẹ́ rẹ̀.

Fọ́tò ti Daguerre kò lè wọ inú àtùpà, nítorí pé orí irin ni ó wà. Ẹyin ni ó kọ́kọ́ tú ìṣòro náà: Niépce de Saint-Victor, ìbátan Niépce, fi omi funfun inú ẹyin di ohun èlò tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà mọ́ ojú gíláàsì ní 1847, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Langenheim, William àti Frederick, tí wọ́n ti Jámánì lọ sí Philadelphia, sì gba àṣẹ oníhùmọ̀ ní 1850 fún fọ́tò orí gíláàsì tí àtùpà lè gbé sára ògiri. Ní 1851 Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọlódíọ́nì, ìyẹn owú tí a ti fi ásíìdì sọ di ohun tí ó ṣeé yọ́, rọ́pò ẹyin. Ó yá ju ti ẹyin lọ, Archer kò sì gba àṣẹ oníhùmọ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn là lára rẹ̀, òun sì kú ní 1857 nínú òṣì. Corot, gbajúgbajà ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, yí iṣẹ́ náà sódì láti 1853: ó ń fi ohun ṣóńṣó ha gíláàsì tí a ti bò, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ojú ìlà náà tẹ àwòrán sórí bébà fọ́tò. Lẹ́yìn 1871, tí Richard Leach Maddox gbé jẹ́látì, èyí tí a ń fi egungun àti awọ ẹran sè, wọ inú iṣẹ́ yìí, gíláàsì fọ́tò tí ó ti gbẹ kí a tó lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.

Fọ́tò kò lé àwọn onítẹ̀wé lọ. Wọ́n ń tẹ àwòrán aláwọ̀ mèremère láti orí òkúta sórí bébà tí a fi gọ́ọ̀mù pa, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sì gbé àwòrán náà bọ́ sórí gíláàsì. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àmì tóótòòtó ara rẹ̀ a sì máa hàn bí ó bá tóbi lára ògiri, síbẹ̀ òun ni ó mú kí àtùpà alàwòrán dé ọwọ́ ọmọdé.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà náà, gíláàsì fọ́tò wà lọ́wọ́ àwọn afọ́tò Èkó, lára wọn George Da Costa, tí ó ti ṣe alábòójútó ilé-ìtàwé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS kí ó tó gba iṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tí sinimá sì dé Glover Memorial Hall ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, àwòrán orí ike sẹ́lúlọ́ìdì tí ó ṣeé ká, kì í ṣe orí gíláàsì, ni wọ́n wò. Ìdílé, ìjọ tàbí ilé-ìkàwé tí gíláàsì fọ́tò àtijọ́ bá kù sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí pé ojú tí kò dán ni àwòrán wà, omi a sì máa mú jẹ́látì wú. Kí wọ́n di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tò ó ní ìdúró sínú àpótí.