Ajá Kì í Yé Ẹyin

Bí ọ̀dọ́ kan bá gbé ẹ̀dá kékeré tí wọ́n ń pè ní kobold jáde, tó ní ìpẹ́ lára, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré Dungeons & Dragons, ẹ fetí sílẹ̀, àgbà kan nínú wọn á mí kanlẹ̀: ajá ni kobold láyé tiwa, Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé eré náà, ló sọ ọ́ di alángbá lọ́dún 2000. Àwítúnwí ni. Àwọn tó ń kọ ìtàn eré náà pàápàá ń dà á kọ láti ọwọ́ ara wọn, láìṣí ìwé wò.

Àwọn mìíràn á sáré gba Jámánì lọ. Òótọ́ ni pé iwin ilé àti iwin ibi ìwakùsà ni kobold níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí Georgius Agricola kọ nípa wọn lọ́dún 1549 dà bí arúgbó kúkúrú tó wọṣọ awakùsà. Wọn kì í ṣe ajá, wọn kì í ṣe alángbá. Ìwé eré Chainmail ti ọdún 1971 kàn pa wọ́n pọ̀ mọ́ goblin ni.

Ìwé tó yẹ kí wọ́n ṣí ni Monster Manual tí Gary Gygax kọ lọ́dún 1977. Níbẹ̀, kobold kò nírun rárá, ó ní ìwo kéékèèké, ìpẹ́ sì wà lára rẹ̀ nínú àwòrán. Imú rẹ̀ yọ síwájú bíi ti ajá lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn tẹjú mọ́. Wọn ò ka ohun tí ìwé náà ní ó wà nínú ihò wọn: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ wẹ́wẹ́, àti ẹyin.

Ẹyin!

Ajá wo ló ń yé ẹyin? Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ara lọ. Ẹ̀dá tí kò lágbára, tí ẹyin rẹ̀ wà nílẹ̀, kò lè kàn sá fi ilé sílẹ̀. Àfi kó fi ọgbọ́n jà. Lọ́dún 1987, nínú ìwé ìròyìn Dragon nọ́ńbà 127, Roger Moore ròyìn àwọn kobold Tucker, adarí eré kan, tí wọ́n fi iná àti ọ̀nà tóóró dààmú àwọn akọni tó lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì. Ọdún mẹ́tàlá ṣáájú 2000 nìyẹn.

Ajá tó wà nínú ìwé eré náà ti ọdún 1993, ohùn àti òórùn ni: wọ́n ń gbó bí ajá kékeré, wọ́n ń rùn bí ajá tí omi pa. Ìpẹ́ ṣì wà lára wọn. Ìbátan dírágónì ni ohun tuntun inú ìwé ọdún 2000.

Jàpáànì ló wá kù. Nínú ọ̀pọ̀ eré ibẹ̀, kobold olórí ajá, onírun lára, ṣì wà dòní. Àbí àwòrán ọdún 1977 ló dé ọ̀hún ṣáájú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Kí ẹni tó bá fẹ́ wádìí ajá yìí fi Wizards sílẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ.