Ọdún FESTAC 1977 nínú Ìwé Ìtàn àti Ìwé Ìgbésí-Ayé

Ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni Festac Town wà, ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Orúkọ àjọ̀dún ni ìlú náà ń jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ kí àwọn àlejò tí ó wá sí FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé, lè rí ibùwọ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Dakar ni wọ́n ti ṣe èkíní irú rẹ̀ ní ọdún 1966. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti pín ilé fún àwọn tí ó tọrọ rẹ̀. Ònkà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópónà ńlá ibẹ̀, láti orí Òpópónà Kìíní lọ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè dàgbà láìgbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a torí wọn kọ́ ilé náà. Inú ìwé ni yóò ti bá wọn pàdé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí ìwé kan pè ní ayọ̀ lórí ọ̀ràn FESTAC, òmíràn lè pè é ní ẹ̀tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ẹyọ kan ṣoṣo kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán.

Èkíní tí ó yẹ ní kíkà ni *The Pan-African Nation*, tí Andrew Apter gbé jáde ní ọdún 2005. Owó epo rọ̀bì ni ó tọpa. Ó ṣàlàyé pé owó tí ó ya wọlé lẹ́yìn tí epo gbówó lórí ní ọdún 1973 ni ìjọba ológun fi ṣe ìnáwó náà, àti pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ṣa àṣà jọ, tí ó sì tún un tò kí aráyé lè wò ó. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìwé náà ni pé, kí ni ó kù lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè nígbà tí owó epo fà sẹ́yìn?

Ìwé kejì ni *FESTAC ’77*, tí ẹgbẹ́ Chimurenga ti Cape Town kó jọ ní ọdún 2019. Kì í ṣe akọ̀tàn kan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àkójọ àwòrán, ìwé àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ onírúurú ènìyàn ni. Ẹlẹ́rìí pọ̀ nínú rẹ̀, òǹkàwé ni yóò sì da ẹ̀rí wọn rò fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni *Last Day in Lagos* (2022), àwòrán tí Marilyn Nance ará Amẹ́ríkà yà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 23. Ohun tí Apter fi ìṣirò owó wò, ojú ọ̀dọ́ tí inú rẹ̀ dùn láti dé ilẹ̀ Áfíríkà ni Nance fi wò ó. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì.

Ìwé ìgbésí-ayé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá tí ó ti kọ̀ láti kópa nínú àjọ̀dún náà, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ẹni tí ó bá mọ ìyẹn nìkan yóò rò pé ìyá olórin lásán ni. *For Women and the Nation* (1997), láti ọwọ́ Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba, yóò fi yé e pé ìyá yìí ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949.

Bákan náà ni *Sitiado em Lagos* (1981), tí Abdias do Nascimento, ará Bùràsíìlì, fi èdè Potogí kọ. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ti ń kọ́ni nígbà náà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi àpérò FESTAC nípa ìyà tí ó ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìwé rẹ̀ wọlé. Ó di ẹni tí ń pín in kiri fún àwọn olùpéjọ.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ìwé ìtàn kí ó tó gbé e lọ sínú ìdánwò. Ta ni ó kọ ọ́? Níbo ni ó dúró sí tí ó fi rí ohun tí ó rí? Ta ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù. Kò sí èyí nínú àwọn ìwé márùn-ún yìí tí ó fi ìtàn àwọn Àwórì onílẹ̀ ṣe kókó, tàbí ti àwọn bíríkìlà tí ó mọ ilé náà, tàbí ti àwọn tí gègé kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, inú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà ni Wálé Ògúnyẹmí ti mú *Langbodo*, eré tí Nàìjíríà gbé síta ní FESTAC. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà tí a fi èdè Fágúnwà kọ. Kì í ṣe pé èdè náà kò lè gbé e. Láti ọdún 1911 ni I. B. Akínyẹlé ti fi Yorùbá kọ *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn*.

Ọdún 1897 ni Samuel Johnson parí ìtàn àwọn Yorùbá. Ìwé náà sọnù sí ìlú òyìnbó. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni Obadiah àbúrò rẹ̀ fi rí i tún kọ, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Ti Festac Town kò tíì rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1977 ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún, tàbí kí ó ti kọjá rẹ̀. Bí olùkọ́ bá rán kíláàsì rẹ̀ lọ bá irú àgbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí i, ìwé kẹfà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.