Láńgbòdó

Orúkọ ewéko inú igbó ni, ẹbí kókò. Àwọn mìíràn ń pè é ní ògìrìṣákọ̀. Òkè Láńgbòdó inú ìwé tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 kọ́ là ń sọ o.

Ọ̀pá kan ṣoṣo ló máa ń yọ láti inú ilẹ̀, ewé fẹ̀ lórí rẹ̀ bí agboòrùn. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bo ọ̀pá náà. Ẹni tó ń ṣánko ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ẹ̀gún yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí i. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ewé á kú, iṣu rẹ̀ á sùn sílẹ̀ de òjò. Iṣu ọ̀hún máa ń yún ni lọ́fun gidi. Ìgbà ìyàn làwọn èèyàn ń sè é pẹ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ro ìkọ́kọrẹ́, ewùrà ni kó wá lọ, kì í ṣe iṣu yìí.