Ìṣirò Ìfẹ̀ Ìyẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Lọ́wọ́ Àwọn Arákùnrin Wright, 1900 sí 1903

Kí ọdún 1900 tó wọlé ni ìlànà ìṣirò ìfẹ̀ ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti wà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára tí yóò gbé ọkọ̀ sókè yóò mú ìfẹ̀ ojú ìyẹ́, yóò fi ìyára sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fi iye méjì mìíràn sọ ọ́ di púpọ̀. Ọ̀kan ni 0.005, tí wọ́n so mọ́ orúkọ John Smeaton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ̀wé lórí ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ní 1759. Èkejì ti inú tábìlì Otto Lilienthal, ará Jámánì, wá. Lilienthal fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ 1896, lẹ́yìn tí ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì rẹ̀ já bọ́ láti òkè. Ẹ̀mí ni àṣìṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń ná ènìyàn.

Wilbur àti Orville Wright, oníṣòwò kẹ̀kẹ́ ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, gbára lé iye méjèèjì yìí. Ní 1900, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 200 ni ìṣirò wọn. Ṣùgbọ́n Wilbur kò rí igi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 18 rà ní Norfolk. 16 ni ó rí. Nígbà tí ó dé Kitty Hawk, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyáàfin Tate dín aṣọ ìyẹ́ náà kù, ìfẹ̀ sì di 165. (Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ̀ náà tì, ìyáàfin yìí fi aṣọ rẹ̀ rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.) Ọkọ̀ náà kò lágbára tó, okùn ni wọ́n sì fi dì í mú ní ọ̀pọ̀ ìgbà bí káìtì.

Ní 1901 wọ́n fẹ ìyẹ́ náà lójú sí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 7. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 154. Ìyẹ́ méjì tí ó wà lórí ara wọn yóò jẹ́ 308. Síbẹ̀ 290 ni ìfẹ̀ rẹ̀ ní ti gidi, nítorí ìyẹ́ kò rí bí pátákó tí igun rẹ̀ pé. Pẹ̀lú gbogbo èyí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ìṣirò ṣèlérí ni wọ́n rí. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ní ìgbẹ̀yìn ọdún náà, wọ́n kan àpótí gígùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lára àwọn ìyẹ́ kékeré tí ó tó nǹkan bí 200. Ó hàn pé 0.005 ti pọ̀ jù. Nǹkan bí 0.0033 ni ó tọ́. Nítorí náà, ibi tí ìṣirò àtijọ́ bá ti béèrè 200, nǹkan bí 300 ni yóò tó. Tábìlì Lilienthal kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́bi: irú ìyẹ́ kan ni ó ṣe é fún, wọ́n sì lò ó fún ìyẹ́ tí ó rí lọ́tọ̀.

Ìyẹ́ ọdún 1902 gùn ní 32, ìbú rẹ̀ jẹ́ 5, ìfẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 305. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 15 péré ni ó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé ènìyàn dáadáa. Ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ọdún 1903 jẹ́ 510. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, ó fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12; ní ìgbà kẹrin, ó fò fún 59, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 852. Lẹ́yìn náà ni ìjì dojú rẹ̀ dé nílẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì fò mọ́.