Bí Ìlú Kétu Ṣe Di Ahoro, Tí Ó Sì Tún Di Ilé

Ẹ̀yin ará wa ní Odomẹ́ta, bí ẹ bá ń rìn ní àgbègbè Kétu, ẹ ó rí ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Òjò ti wó ògiri rẹ̀ kan. Koríko ti hù ní àgbàlá. Ẹlòmíràn á ní: "Ilé yìí kò ní onílé mọ́." Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn wa kí á tó dáhùn.

Láyé àtijọ́, odi yí ìlú Kétu ká. Ẹnubodè rẹ̀, Àkaba Ìdẹ́nà, wà títí di òní. Ìdílé ọba márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ní ọdún 1853, Samuel Àjàyí Crowther wá sí ìlú náà, ó sì bá a ní ìlú ńlá.

Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó Kétu. Glele ni ọba wọn nígbà náà. Wọ́n sun ilé níná. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú di ahoro.

Ní ọdún 1892, Ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀. Àwọn ọmọ Kétu tí ó wà lóko ẹrú rí ọ̀nà padà sílé. Ní ọdún 1894, wọ́n fi Oyingin jẹ Alákétu. Igbó ni wọ́n bá nílé. Wọ́n ṣán an, wọ́n po amọ̀, wọ́n tún ilé kọ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ojú ilé bàbá rẹ̀ nínú igbó? Ní ilẹ̀ wa, agbo ilé ní orúkọ. Sàréè àwọn àgbà wà nínú ilé. Kànga wà, igi wà, aládùúgbò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ilé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni. Baálé ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa kú. Àwọn tí ó padà wá ní 1894 ní àgbà láàrin wọn tí ó rántí. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Kutọnu tàbí ní Èkó ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá dé, ta ni yóò júwe fún wọn? Ìwé ni yóò júwe. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iṣẹ́ yín nìyí.

Ẹ kọ orúkọ agbo ilé, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, àti ààlà rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ obìnrin sílẹ̀: òfin ẹbí ti ọdún 2004 ní ogún ọmọbìnrin àti ti ọmọkùnrin dọ́gba. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fàyè gba ìwé ẹ̀rí fún ilẹ̀ àjogúnbá. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní ilé mẹ́rì.

Bí ilé bá ṣófo, ẹ má jẹ́ kí ó wó. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè máa gbé ibẹ̀, kí ó sì máa tún páánù ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ọdún mélòó, èló, ta ni yóò ṣe àtúnṣe. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bóyá àlejò lè gbin igi, torí pé igi gbígbìn ń dá ìjà sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí tẹ̀ka sí i.

Ahoro kì í ṣe ohun tí kò ní onílé. Kétu ni ẹ̀rí. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ bá a nílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọdún mélòó ni ó wà láàrin 1886 àti 1894? Ilé mélòó ni ó ṣófo ní àdúgbò yín, ta ni ó sì mọ ààlà wọn?