Epo tó dà sílẹ̀: Ètò tó yẹ kó ti wà kí jàǹbá tó dé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti ọdún 1974 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí àwọn ibi ìtọ́jú epo tí epo wọn lè ṣàn dé odò ní ètò àkọsílẹ̀ tí kò ní í jẹ́ kó dànù.

Pàtàkì nínú ètò náà ni ògiri tí wọ́n ń mọ yí táǹkì ká. Ó gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo epo inú táǹkì tó tóbi jù níbẹ̀, kó sì tún ku àyè fún omi òjò. Àyẹ̀wò táǹkì àti páìpù lóòrèkóòrè pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ bákan náà.

Ṣùgbọ́n ètò orí ìwé nìkan kò tó. Lọ́jọ́ 2, oṣù kìíní, ọdún 1988, táǹkì iléeṣẹ́ Ashland kan bẹ́ ní Floreffe, nítòsí ìlú Pittsburgh. Irin tó ti lò tó nǹkan bí 40 ọdún ni wọ́n tún tò, wọn kò sì rọ omi kún un láti dán an wò. Epo ru kọjá ògiri, nǹkan bí 750,000 gálọ́ọ̀nù dísù sì wọ odò Monongahela. Omi mímu nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló fara gbá a.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2006 tó dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ tí epo rẹ̀ bá dà sílẹ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ náà kó tó máa wá ẹni tí yóò ké sí, odò yóò ti gbé epo lọ.